Ẹni Yìí Ni Tàbí Ẹni Yẹn: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Fíìmù Ẹ̀rín ní Warsaw Kí Ogun Tó Dé

Ní ọdún 1919, nígbà tí ilẹ̀ Pólándì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún 123 tí àwọn ọba Rọ́ṣíà, Prussia àti Ọ́síríà fi pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ìgbà tí ọdẹ mẹ́ta bá pín ẹran ìgbẹ́ kan ṣoṣo, àwọn òṣèré kan ṣí gbọ̀ngàn eré alẹ́ kan sí òpópónà Senatorska ní Warsaw tí í ṣe olú ìlú ilẹ̀ náà, wọ́n sì sọ gbọ̀ngàn ọ̀hún ní Qui Pro Quo. Èdè Látìn ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn eléré, ohun tí ó dúró fún ni kí a fi ẹnì kan pe ẹlòmíràn, kí a rí Táíwò kí a kí i ní Kẹ́hìndé, kí a sì máa bá a sọ̀rọ̀ lọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi dojú rú, tí àwọn òǹwòran yóò sì fọwọ́ di ìhà mú. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó sọ gbọ̀ngàn yẹn lórúkọ wo ilé dáadáa, nítorí pé láti inú àṣìmọ̀ yìí ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn fíìmù ẹ̀rín tí àwọn ará Pólándì ṣe láàrin ogun àgbáyé méjèèjì ti rú yọ, bí ẹ̀ka ti ń rú yọ lára ìrókò.

Kì í ṣe eré gígùn ni wọ́n ń ṣe ní irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀. Orin kan, ijó kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan láàrin ọkọ àti aya tàbí láàrin onílé àti ayálégbé. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tí ó múra bí ọkọ ìyàwó yóò jáde síwájú aṣọ ìkélé láti bá àwọn ènìyàn tàkúrọ̀sọ, láti ta wọ́n lọ́rọ̀ díẹ̀, kí ó sì pe ẹni tí ó kàn. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ní Warsaw ni Fryderyk Járosy, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tí ó bá ẹgbẹ́ eléré àwọn ará Rọ́ṣíà kan wọ ìlú náà ní 1924, tí kò bá wọn padà mọ́, tí ó jókòó kọ́ èdè àwọn onílé, tí ó sì sọ ohùn àjèjì tí ó kọ̀ láti kúrò lẹ́nu rẹ̀ di ẹ̀ṣọ́ ara. Àwọn akéwì tí ìwé wọn wà lórí pẹpẹ àwọn ọ̀mọ̀wé, irú Julian Tuwim àti Marian Hemar, ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí àwọn òṣèré wọ̀nyí lẹ́nu, wọn kò sì kà á sí àbùkù rárá láti ti orí ewì bọ́ sórí orin àwàdà ní ọjọ́ kan náà. Níbẹ̀ ni Adolf Dymsza, Hanka Ordonówna, Zula Pogorzelska, Mira Zimińska àti Eugeniusz Bodo ti kọ́ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kankan kò lè kọ́ wọn, èyíinì ni bí a ṣe ń mú odindi gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, àti èyí tí ó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a ṣe ń dúró títí ẹ̀rín yẹn yóò fi rọlẹ̀ tán kí a tó la ẹnu sọ gbólóhùn tí ó kàn.

Sinimá ti wà ní Pólándì kí gbọ̀ngàn yìí tó wà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1908, nígbà tí àṣẹ ọba Rọ́ṣíà ṣì múlẹ̀ ní Warsaw, ilé sinimá Oaza fi fíìmù kékeré kan hàn nípa ará oko kan tí ń jẹ́ Antoś, tí ó kọ́kọ́ fojú kan ìgboro Warsaw. Antoni Fertner ni ó ṣe Antoś yìí, fíìmù náà sì ni wọ́n ń kà sí àkọ́kọ́ fíìmù onítàn àròsọ ti àwọn ará Pólándì. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ẹ̀rín ni ilẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sinimá rẹ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù ìgbà náà kò lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ni ohun ìjà àwọn aláwàdà Warsaw. Ọ̀bẹ tí a kò yọ nínú àkọ̀ kò lè gé iṣu. Ọdún 1930 ni fíìmù ilẹ̀ Pólándì bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn, pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbé ka eré orí ìtàgé Gabriela Zapolska nípa ìyá ilé kan tí ń jẹ́ Dulska, tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sórí àwo. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Qui Pro Quo ti ilẹ̀kùn. Àwọn gbọ̀ngàn mìíràn gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, Banda, Morskie Oko, Cyrulik Warszawski, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là báyìí láti orí ìtàgé bọ́ síwájú kámẹ́rà, àwọn òṣèré tí ẹnu wọn mú bí abẹ sì rọ́ gba ibẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù wọ̀nyí, owó ni kí ó kọ́kọ́ tọpasẹ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá bí ti Amẹ́ríkà tàbí ti Jámánì kò sí ní Warsaw. Bí a bá yọ àwọn díẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn fìdí múlẹ̀ kúrò, púpọ̀ nínú àwọn tí ń pe ara wọn ní onífíìmù jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n háyà yàrá kan, tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n ṣe fíìmù kan tàbí méjì, tí orúkọ náà sì pòórá bí ìrì òwúrọ̀ nígbà tí àwọn olówó bá dé láti béèrè owó wọn. Wọn kò ní owó, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ní. Wọn yóò tọ àwọn onílé sinimá lọ, wọn yóò sì sọ pé fíìmù kan ń bọ̀ lọ́nà. Ohun tí onílé sinimá sì máa ń fẹ́ mọ̀ kò ju méjì lọ: ta ni yóò ṣe é, orin ta ni yóò wà nínú rẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ Dymsza tàbí Bodo, bí orin bá sì jẹ́ ti Henryk Wars, onílé sinimá yóò fọwọ́ sí ìwé, yóò san àsansílẹ̀, àsansílẹ̀ yìí ni wọn yóò sì fi háyà iná àti kámẹ́rà, tí wọn yóò fi kan ilé onípákó sínú gbọ̀ngàn ìyàwòrán bí èyí tí ilé iṣẹ́ Falanga ní ní Warsaw, tí wọn yóò sì fi san owó ọjọ́ àkọ́kọ́ fún àwọn òṣèré. Ìtàn fúnra rẹ̀ ni ó ń gbẹ̀yìn dé. Ó dà bí ìyàwó tí ó ti ra ẹran, tí ó ti ra iyọ̀, tí ó ti pe àlejò, tí kò sì tíì mọ irú ọbẹ̀ tí òun yóò sè.

Láti ibi yìí ni ìwà àti àbùkù fíìmù wọ̀nyí ti wá pọ̀. Owó àsansílẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń ya fíìmù. Òṣèré tí ó wà níwájú kámẹ́rà ní ọ̀sán ni yóò tún wà lórí ìtàgé ní alẹ́, bí ojú rẹ̀ bá sì wú lọ́jọ́ kejì, àtíkè ni yóò bò ó. Kò sí àyè láti tún ìran kan ṣe nígbà mẹ́wàá. Àǹfààní tí wọ́n ní ni pé kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan, nítorí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti fi ọdún mẹ́wàá gbáko sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn òǹwòran tí wọn kì í dárí jini, wọ́n mọ iye ìṣísẹ̀ tí ó wà láàrin ilẹ̀kùn àti àga, wọ́n mọ ìgbà tí ó yẹ kí fìlà já bọ́. Àwa tí a ń wo fíìmù náà lónìí lè rí ògiri tí ó mì nígbà tí ẹnì kan pa ilẹ̀kùn dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ Dymsza, kí a wo bí Michał Znicz ti ń gbé ojú sókè bí ẹni tí gbogbo ayé jẹ ní gbèsè, a ó gbàgbé ògiri náà kíá.

Orin ni ọ̀pá tí ó gbé òrùlé ró. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ará Pólándì yá lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, *szlagier*, tí wọ́n fi ń pe orin tí ó gba ìlú kan, tí ọmọdé ń kọ, tí àgbà ń kọ, tí aláàárù ń fi gbẹ́rù. Fíìmù ẹ̀rín tí kò bá ní irú orin bẹ́ẹ̀ méjì ó kéré tán, ọjà rẹ̀ kò lè yá. Henryk Wars ni ó ń ṣe ohùn orin, ọkùnrin tí ó gbọ́ ìlù àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lórí àwo gírámafóònù, tí ó sì gbé e wọ aṣọ Warsaw. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Emanuel Schlechter, ọmọ ìlú Lwów, ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi orin náà sínú fíìmù, ilé iṣẹ́ Syrena yóò gbà á sórí àwo, àwọn akọrin bíi Adam Aston àti Mieczysław Fogg yóò tún un kọ, rédíò yóò gbé e, ẹgbẹ́ olórin tí ń káàkiri àgbàlá àwọn ilé alájà púpọ̀ ní Warsaw yóò sì gbé e dé abẹ́ fèrèsé ẹni tí kò ní owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ tó mílíọ̀nù 35, tí ilé sinimá ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 800 lọ, ẹsẹ̀ orin ni fíìmù ń lò láti dé ibi tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò lè dé. Nítorí náà, ìyá àgbà tí kò rí fíìmù kan rí láyé rẹ̀ lè mọ orin Bodo dé góńgó.

Ẹ jẹ́ kí n mú fíìmù kan wá síwájú kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, kí ó jẹ́ *Piętro wyżej*, tí Leon Trystan darí ní 1937, tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ẹni tí ń gbé ní àjà tí ó wà lókè. Ọkùnrin méjì ń gbé inú ilé kan ní Warsaw, wọn kò bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n Pączek ni orúkọ ìdílé àwọn méjèèjì, tí í ṣe orúkọ àkàrà aládùn kan tí wọ́n máa ń dín lọ́hùn-ún. Ọ̀kan jẹ́ onílé, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ kò gba ariwo, Józef Orwid ni ó ṣe é. Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ayálégbé rẹ̀ tí ń gbé lókè, Bodo ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n onílé, ọmọge arẹwà tí Helena Grossówna ṣe, ti ọ̀nà jíjìn dé, ó béèrè ilé Pączek, wọ́n sì júwe ilé Pączek fún un. Ẹ̀bi ta ni, bí ó bá gun àtẹ̀gùn kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró? Ohun gbogbo tí ó tẹ̀lé e, ìjà, ìlàjà, ìfẹ́, orin, ti inú ìwé orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn méjì wá. Ibẹ̀ náà ni Bodo ti múra bí obìnrin, bí Mae West ti Amẹ́ríkà gan-an, tí ó ń kọrin nínú àríyá aláṣọ-ìparadà, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí ẹ̀wù dídán ń tàn lára rẹ̀. Ìran yìí kò gùn, mo sì gbà pé òun ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí sinimá ilẹ̀ náà ṣe ní ọdún mẹ́wàá yẹn, nítorí kò sí ẹ̀gàn kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó múra bí obìnrin náà ń gbádùn ara rẹ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn bá òun gbádùn.

Ìpàrọ̀ irú èyí kún inú fíìmù wọ̀nyí bí iyanrìn ti kún etí òkun. Nínú *Czy Lucyna to dziewczyna?* ti ọdún 1934, Jadwiga Smosarska ṣe ọmọbìnrin olówó tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ó wọ ṣòkòtò, tí ó gé irun, kí ó lè rí iṣẹ́ ṣe bí ọkùnrin. Nínú *Jaśnie pan szofer*, ọlọ́lá kan di awakọ̀ nítorí ìfẹ́. Nínú *Pani minister tańczy* ti ọdún 1937, Tola Mankiewiczówna ṣe ìbejì, ọ̀kan jẹ́ mínísítà tí ń ṣọ́ ìwà ọmọlúàbí àwọn ará ìlú, èkejì jẹ́ oníjó, ìwọ̀nyí sì gba ipò ara wọn. Nínú *Paweł i Gaweł*, ọmọge tí ó ti dàgbà tó láti lọ́kọ ni alágbàtọ́ rẹ̀ wọ aṣọ ọmọdé fún, kí ó lè máa pa owó lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ kékeré tí ó mọ fáyólìn ta. Bodo àti Dymsza sì jókòó ti ibùsùn rẹ̀, wọ́n ń kọ orin arẹmọlẹ́kún fún un bí ẹni ń rẹ ọmọ ọwọ́.

Kí ni ó fà á tí ìlú kan fi fẹ́ràn ìpàrọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan yóò sọ pé àwọn òǹkọ̀wé kò ní ìtàn mìíràn ni, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde ni. Ẹni tí a bí sábẹ́ ọba Rọ́ṣíà ti di ará Pólándì lórí ìwé tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ, ọmọ àgbẹ̀ ti di akọ̀wé ìjọba, olóyè tí oko rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ gbèsè ń wá iṣẹ́ kiri. Bẹ́ẹ̀ ni ipò ṣì wúwo púpọ̀ níbẹ̀. Bí a ṣe ń kí ènìyàn, ọwọ́ tí a ń fi ẹnu kò, oyè tí a ń so mọ́ orúkọ, gbogbo rẹ̀ ń sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ìrínisí ni ìsọnilójọ̀, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Láàrin òwe méjèèjì yìí ni fíìmù ẹ̀rín Warsaw ti pàgọ́ rẹ̀. Òǹtajà tí wọ́n kí bí ọlọ́lá ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ó sì rí i pé òun lè ṣe é, ń sọ ohun kan fún òǹtajà tí ó jókòó nínú òkùnkùn sinimá pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó ẹ̀yìn lọ́wọ́.

Kò sí ẹni tí ó ru ẹrù yìí bí Adolf Dymsza, tí gbogbo ayé ń pè ní Dodek. Dodek ọmọ ìgboro Warsaw, a-pa-ojú-dà-bí-ọ̀gà, ẹlẹ́sẹ̀ wuyẹwuyẹ tí eegun kò sí lára rẹ̀, a-bọ́-sínú-ọ̀fìn-fi-orí-ọ̀rẹ́-jáde! Ọdún 1900 ni wọ́n bí i, ẹ̀ka èdè àwọn ọmọ ìta Warsaw sì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé inú ọmú ni ó ti mu ún. Nínú *Antek policmajster*, tí Michał Waszyński darí ní 1935, ó ṣe ọmọ ìta kan ní ayé àwọn ará Rọ́ṣíà, tí ọlọ́pàá ń lé, tí ó sá wọ ọkọ̀ ojú irin, tí aṣọ ọ̀gá ọlọ́pàá kan sì bọ́ sí i lára. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní ìlú kékeré kan, àwọn èèyàn ńlá ibẹ̀ ti tò sílẹ̀ láti kí ọ̀gá ọlọ́pàá tuntun. Antoni Fertner, Antoś ìjelòó, ti dàgbà di gómìnà nínú fíìmù yìí, Mieczysława Ćwiklińska sì ni ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Antek, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń bẹ̀rù pàápàá ń gbọ̀n jù ú lọ, nítorí pé wọ́n ti jẹ rìbá dé ọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni olè kékeré ṣe wá di ẹni tí ń tún ìlú ṣe. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jókòó wo fíìmù náà ní 1935 ti gbé abẹ́ irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ogún ọdún lẹ́yìn ìyà náà ni wọ́n tó rí àyè rín in.

Ohun kan tí ó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí ń ṣe ìpàrọ̀ lójú aṣọ funfun náà ti kọ́kọ́ ṣe é lórí ara wọn. Bagiński ni orúkọ àbísọ Dymsza. Feiertag ni ti Michał Znicz. Wars gé orúkọ Warszawski kúrú. Waszyński, olùdarí tí ó yára jù ní Warsaw, tí ó lè darí fíìmù mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́dún kan, ni wọ́n bí ní Mosze Waks sínú ìdílé Júù kan ní apá ìlà-oòrùn. Bodo ni ó dùn mọ́ mi nínú jù: Bohdan Eugène Junod ni, baba rẹ̀ jẹ́ ará Switzerland tí ó ní ilé sinimá kan tí ń jẹ́ Urania ní ìlú Łódź, ọmọ náà mú BO láti inú Bohdan tirẹ̀, ó mú DO láti inú Dorota tí í ṣe orúkọ ìyá rẹ̀, ó so ìyá àti ọmọ pọ̀ ní orúkọ kan, nígbà tí ó sì dá ilé iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀, ó fi orúkọ sinimá baba rẹ̀ pè é. Kò gbé aya. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé.

Àwọn Júù bíi Waszyński kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ náà. Ìdámẹ́wàá àwọn ará Pólándì ni wọ́n, ní Warsaw wọ́n tó ìdámẹ́ta, bí a bá sì yọ ọwọ́ wọn kúrò nínú fíìmù ẹ̀rín, kò ní sí orin, kò ní sí ọ̀rọ̀, díẹ̀ ni yóò kù nínú olùdarí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Dymsza kò lè kọ orin fún ara rẹ̀, Schlechter kò sì lè yí ẹsẹ̀ bí Dymsza. Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, ní àgbègbè kan náà, wọ́n ń ṣe fíìmù ẹ̀rín mìíràn ní èdè Yídíìṣì: Molly Picon ti Amẹ́ríkà wá láti ṣe *Yidl mitn fidl* ní 1936, tí wọ́n ya apá kan rẹ̀ ní ìlú Kazimierz Dolny létí odò Vistula, níbi tí ó ti ṣe ọmọbìnrin tí ó múra bí ọmọkùnrin, tí òun àti baba rẹ̀ ń lu ohun èlò orin kiri. Ìpàrọ̀ náà tún nìyẹn. Waszyński tí ó ṣe Antek ni ó ṣe *Der Dibuk* ní 1937, ìtàn òkú tí ó gun alààyè, èyí tí kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀ rárá, tí ó sì jẹ́ ohun tí ó jinlẹ̀ jù tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Lwów ní tirẹ̀ gba ọ̀nà rédíò wọlé. Láti 1933 ni ètò kan ti ń wáyé níbẹ̀, tí Wiktor Budzyński dá sílẹ̀, tí Kazimierz Wajda àti Henryk Vogelfänger ti ń ṣe àwọn ọmọ ìta méjì, Szczepko àti Tońko, tí wọ́n ń fi ẹ̀ka èdè ìgboro Lwów tàkúrọ̀sọ. Lórí afẹ́fẹ́ ni gbogbo ilẹ̀ Pólándì ti kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n. Waszyński wá gbé wọn sínú fíìmù mẹ́ta kí 1939 tó parí.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò fẹ́ràn fíìmù wọ̀nyí. Antoni Słonimski ń fi gègé rẹ̀ nà wọ́n nínú ìwé ìròyìn, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ START sílẹ̀ ní 1930 sì ń fẹ́ sinimá tí ó ní iyè, tí ó fojú kan ìyà àwọn tálákà. Ẹjọ́ wọn kò ṣòfo. Ìtàn ń jọ ìtàn, àwọn ilé inú fíìmù kún fún àga olówó nígbà tí àìríṣẹ́ṣe gbòde, onífíìmù tí ó ti gba àsansílẹ̀ kò sì bìkítà bí ìgbẹ̀yìn ìtàn bá bá ìbẹ̀rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n wọn kò rí ohun tí ó wà lójú wọn kedere: pé àwọn òṣèré wọ̀nyí ń tọ́jú bí ìlú kan ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń bọ́ fìlà, bí onílé rẹ̀ ṣe ń bá ayálégbé jà, kò sì pẹ́ tí ìlú náà kò fi sí mọ́.

Nítorí oṣù kẹsàn-án ọdún 1939 dé, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. *Serce batiara*, fíìmù kẹta Szczepko àti Tońko, jóná kí ẹnikẹ́ni tó san owó wò ó. Schlechter kú ní 1943 ní àgọ́ tí àwọn ará Jámánì pa àwọn Júù Lwów sí. Znicz kú ní ọdún kan náà. Orwid, onílé tí kò fẹ́ ariwo, kú ní 1944 nígbà tí Warsaw dìde ogun sí àwọn ará Jámánì. Helena Grossówna, ọmọge tí ó ṣi àtẹ̀gùn gùn, jà nínú ogun ìdìde yẹn gan-an, wọ́n sì mú un nígbèkùn. Wars àti Waszyński bá àwọn ọmọ ogun Pólándì jáde láti Rọ́ṣíà; ọ̀kan kọ orin fún fíìmù ní Amẹ́ríkà, èkejì di onífíìmù ńlá ní Spéènì. Dymsza dúró ní Warsaw, ó ṣeré nínú gbọ̀ngàn tí àwọn ará Jámánì gbà láyè, èyí tí àwọn tí ń bá wọn jà ti kà léèwọ̀, lẹ́yìn ogun ni wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀, tí wọn kò jẹ́ kí ó ṣeré ní Warsaw fún ìgbà kan.

Bodo ní tirẹ̀ sá dé Lwów, níbi tí àwọn ará Rọ́ṣíà ti ń ṣàkóso, ó sì bá ẹgbẹ́ olórin Wars káàkiri. Ó rántí ìwé baba rẹ̀. Ó ní ọmọ Switzerland ni òun, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ. Wọ́n mú un ní oṣù kẹfà 1941. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ìjọba Pólándì tí ó wà ní London bá Moscow ṣe àdéhùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ará Pólándì sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ìwé tí ó rò pé yóò gbà á là sọ pé kì í ṣe ará Pólándì. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ẹlòmíràn fún ẹ̀rín, ní ọjọ́ tí ó jẹ́ ọ̀ràn ikú àti ìyè, wọ́n ka orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ní kì í ṣe òun. Ó kú ní àgọ́ Kotlas ní àríwá Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá 1943, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé àwọn ará Jámánì ni ó pa á.

Púpọ̀ nínú àwọn fíìmù náà bá Warsaw jóná, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ó jóná. Láti 1967 títí di 1999 ni Stanisław Janicki ń fi àwọn tí ó kù hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ náà, nínú ètò tí ó ń pè ní *W starym kinie*, tí í ṣe inú sinimá àtijọ́. Ó máa ń jókòó, ó máa ń sọ ẹni tí ó ṣe kí ni àti ohun tí ojú ẹni náà rí lẹ́yìn náà, lẹ́yìn èyí ni yóò jẹ́ kí fíìmù máa lọ. *Piętro wyżej* wà nínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin orí rédíò náà tún ń kọrin: ó ti bá ọmọge kan ṣe àdéhùn aago mẹ́sàn-án alẹ́, kò ní owó lọ́wọ́, nítorí náà yóò gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, yóò ra òdòdó, yóò sì mú un lọ sí sinimá.